Orúkọ Tó Wọlé Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Sìmbíátù fi ṣe akọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Adidogomé, kò sì sí ẹni tó fẹ̀sùn kàn án rí. Inú ìwé ńlá ló ń kọ máàkì àwọn ọmọ sí, bírò dúdú, ìlà gbọọrọ. Bí ẹnikẹ́ni bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, ojú lásán ni wọn yóò fi mọ̀ pé kì í ṣe ìkọ̀wé rẹ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà gba ipò ìwé náà, Jean-Paul, dìrẹ́tọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà, fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tí yóò máa fi wọlé sínú ẹ̀rọ. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí bébà kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì.

Sìmbíátù ò fẹ́ di òpè lẹ́nu iṣẹ́ tó ti gbó sí. Ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Isidore, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Atakpamé tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta nínú yàrá kan ní Djidjolé. Àárín àwọn tó lè bí lọ́mọ ló ń jókòó sí. Isidore tú ẹ̀rọ kan palẹ̀, ó fi ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí hàn wọ́n, àti ibi tó ń gbàgbé gbogbo rẹ̀ bí iná bá ti lọ. Sìmbíátù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá gbé omi kaná nílé, kó tó hó, ó ti kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ ààbò, Isidore ní, "Kọ̀ǹpútà ò mojú ènìyàn. Orúkọ àti kóòdù tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ló mọ̀. Ẹni tó bá mọ kóòdù yín, ó ti di ẹ̀yin nìyẹn."

Sìmbíátù rántí bébà ara ògiri. Lọ́jọ́ Ajé, ó bẹ dìrẹ́tọ̀ kó já bébà náà kúrò. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní mọ̀lẹ́bí kan náà ni gbogbo àwọn, ta ní í ti ilẹ̀kùn mọ́ mọ̀lẹ́bí? Sìmbíátù mọ bí wọ́n ṣe ń yí kóòdù padà. Ṣùgbọ́n kó má baà dà bí ẹni tó ń gbéra ga sí ọ̀gá, ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Armelle, olùkọ́ ìṣirò, rí i pé ọmọ ẹni ńlá kan tí òun fún ní mẹ́fà nínú ogún ti di ẹni tó gba mẹ́rìndínlógún. Wọ́n pèpàdé, wọ́n ṣí ibi tí ẹ̀rọ ń kọ orúkọ ẹni tó bá wọlé sí. Orúkọ Sìmbíátù ló jáde: ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó ní kíláàsì Isidore lòun wà ní wákàtí náà. Gbogbo wọn mọ̀ pé dìrẹ́tọ̀ nìkan ló ń mú kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Armelle tẹjú mọ́ tábìlì.

"Madame," ni Jean-Paul fi Faransé sọ, ohùn rẹ̀ ò ga, "kẹ́ ẹ tó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, ṣé irú èyí ṣẹlẹ̀ níbí rí?"

Lọ́jọ́ kejì, Sìmbíátù gun ọ̀kadà, ó di Djidjolé. Ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fọwọ́ sí wà níwájú Isidore, orúkọ Sìmbíátù sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, láti aago mẹ́sàn-án sí méjìlá. Ó bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ sí bébà fún òun, kó fọwọ́ sí i.

Isidore pa ìwé náà dé. "Ìyá, ẹ má bínú. Ilé ẹ̀kọ́ yín ló ń rán ìdajì akẹ́kọ̀ọ́ mi wá. Dìrẹ́tọ̀ ti pè mí láàárọ̀ yìí."

"Ìwọ náà lo kọ́ mi," ni Sìmbíátù wí.

Isidore ti ìwé náà bọ abẹ́ tábìlì.

Wọ́n lé Sìmbíátù níṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó wáṣẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ láago, wọn ò sì pè é mọ́. Ní báyìí, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta òwú àti bọ́tìnnì lọ́jà Assiyéyé. Níbẹ̀ ni Armelle ti bá a lọ́jọ́ kan. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní gbogbo àwọn ló mọ̀ pé kì í ṣe Sìmbíátù ló yí máàkì náà padà.

Sìmbíátù bi í léèrè irú àwọ̀ òwú tó fẹ́ rà.