Ọjọ́ Tí Òróró Ṣí Àwọ̀ Ère Oníjó

Òórùn méjì ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú: òórùn òróró ólífì àti ti pọ́líìṣì bàtà. Nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Brays Oaks, àdúgbò kan ní Houston l'Amẹ́ríkà, lójú gbogbo wa, pásítọ̀ da òróró ìyàsímímọ́ sórí ère kan tí wọ́n ní idẹ ni, ó fi áńkáṣíìfù nù ún, áńkáṣíìfù sì di dúdú. Ibi tó nù lórí ère náà funfun bí ẹyin. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn mi ló kọ́kọ́ lahùn. Ó ní, "Irú idẹ wo ló ń bóra báyìí?"

Alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ náà ló ni ère, alàgbà kan tó ń gbé ní The Woodlands níbi tí àwọn olówó ń gbé, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Daddy. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan tí ooru Houston mú débi pé ọ̀dà ilẹ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí ń rọ̀ lábẹ́ bàtà. Ìwé ìròyìn àwọn ọmọ Yorùbá ìlú náà ni mò ń bá ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Wọ́n rán mi lọ wo bí Daddy ṣe fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán Faransé ńlá kan ta ìjọ lọ́rẹ. Ìwọ náà kúkú mọ iṣẹ́ wa: bí irú wọn bá pe oníròyìn, fọ́tò ni wọ́n ń wá, wọn ò fẹ́ ìbéèrè.

Ère ọmọbìnrin oníjó kan ni, irú àwọn tó ń jó ballet, ijó tí àwọn òyìnbó ń fi orí ìka ẹsẹ̀ jó. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan ṣíwájú, wọ́n sì so síkẹ́ẹ̀tì aṣọ gidi mọ́ ọn nídìí. Alàgbà fọwọ́ bọ àpò súùtù rẹ̀, ó ní, "Ayàwòrán yẹn fúnra ẹ̀ ló yọ́ idẹ yìí, ló fọwọ́ ara ẹ̀ dà á. Ẹ wo bó ṣe ń dán."

Mo ti kà nípa ayàwòrán náà kí n tó wá, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ayàwòrán náà ò da ère idẹ oníjó kankan títí tó fi kú. Ìda àti amọ̀ ló fi ń mọ wọ́n, ó ń fi wáyà àti àkísà gbé wọn ró nínú, wọ́n sì máa ń wó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹyọ kan péré ló gbé síta fáráyé rí nígbà ayé rẹ̀. Àwọn ajogún rẹ̀ ló kó ìyókù fún àwọn tó ń da idẹ lẹ́yìn tó kú. Mo rọra bi alàgbà pé, "Daddy, ṣé kì í ṣe lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni wọ́n da gbogbo ti idẹ, sà?"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀yin oníròyìn, ohun tí ẹ bá rí lórí fóònù lẹ ń gbé kiri. Ọwọ́ ẹ̀ ló fi dà á. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Bó bá jẹ́ irọ́ yẹn nìkan ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín, kí n máa bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère náà ló mú ọmọbìnrin kan dúró sí, ọmọ nọ́ọ̀sì opó kan nínú ìjọ, tó ń gbé apartment ní Gulfton. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń jó ballet. Ọdún yẹn ló máa parí high school, kò sì sí ohun tó wù ú tó kó wọ ilé ẹ̀kọ́ ijó kan tó lórúkọ láàárín ìlú. Alàgbà ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun àti àwọn aláṣẹ ibẹ̀ jọ ń jókòó ìpàdé, pé bí òun ò bá sọ̀rọ̀, wọn ò ní í wo apá ibi tí ọmọ náà wà. Nítorí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá a sọ yìí, ó ní kí ọmọ náà wọ aṣọ ijó, kó dúró bí ère títí ètò yóò fi parí, kí àwọn àlejò lè fi ọmọ náà àti ère wéra.

Ọmọ náà sì dúró. Ẹgbẹ́ akọrin kọrin, wọ́n tún kọrin, ẹsẹ̀ ọmọ ń gbọ̀n. Àwọn bàbá onísúùtù ń yí i po, ife Fanta lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan ní, "Àgbọ̀n tère ga ju tiẹ̀ lọ." Òmíràn ní, "My daughter, gbé e sókè díẹ̀ sí i." Mo ti rí àwọn tó ń yẹ àgbò Iléyá wò tí wọ́n mọ̀wà hù jù wọ́n lọ. Mo tẹ̀ sí ìyá rẹ̀ létí, mo ní ṣé ẹsẹ̀ ò máa ro ọmọ yìí? Ó ní, "Ó ń ro ó. Kí ni kí n ṣe? Ẹnu Daddy la ń wò."

Mo rántí ohun tí mo kà nípa ọmọ tó dúró fún ẹyọ ère kan tí ayàwòrán náà gbé síta ní Paris. Ọmọ alágbàfọ̀ ni, bàbá rẹ̀ ti kú. Ó dúró títí ọkùnrin náà fi mọ ọ́n tán, ọkùnrin náà wọ ère rẹ̀ ní aṣọ, ó fi irun ènìyàn sí i lórí, ó gbé e sínú àpótí gíláàsì, àwọn gbajúmọ̀ ìlú wá wò ó, wọ́n ní ó jọ ọ̀bọ. Láìpẹ́, ilé ijó lé ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà lọ. Ayàwòrán darúgbó, ojú rẹ̀ fọ́, ó kórìíra àwọn Júù débi pé ó kọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ sára ògiri níbi tí wọ́n gbé ère náà sí. Ó mọ bí egungun ẹ̀yìn oníjó ṣe ń tẹ̀, mi ò jiyàn. Bóyá ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń ro ọmọ náà ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Nígbà tó kan ìyàsímímọ́, pásítọ̀ ní kí wọ́n gbé òróró wá. O mọ àwọn ìjọ wa: wọn kì í wa ọkọ̀ tuntun, wọn kì í kó sí apartment, kí wọ́n má ta òróró sí i. Alàgbà fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ gun freeway, ọ̀nà márosẹ̀, láìjẹ́ pé pásítọ̀ ti ta òróró sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ yẹn, ó sáré nawọ́. "Pásítọ̀, àdúrà lásán ti tó."

"Rárá o, Daddy," ni pásítọ̀ wí. "A kì í ṣahun òróró sí ọrẹ Olúwa." Ó dojú ìgò náà kodò.

Áńkáṣíìfù di dúdú, ìyá àgbà yẹn sì béèrè irú idẹ tó ń bóra. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò tíì pẹ́ tó dé láti Èkó sọ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn pé, "E don cast," àṣírí ti tú nìyẹn. Ìgbà yẹn ni ọmọ tó dúró bí ère sọ àgbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, tó bú sẹ́rìn-ín.

Alàgbà ò sọ̀rọ̀ ẹni tó ta ère náà fún un, kò bá pásítọ̀ jà. Ọmọ ló kọjú sí. "Èmi lò ń fi rẹ́rìn-ín? Ó dáa. Màá wo ẹni tó máa bá ẹ sọ̀rọ̀ nílé ẹ̀kọ́ ijó yẹn."

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mi ò lè gbàgbé. Kò sẹ́ni tó bi alàgbà léèrè irọ́ tó pa. Ìyá ọmọ ni gbogbo wọ́n yíjú sí: "Ẹ bẹ Daddy. Ẹ kúnlẹ̀, àgbà ni wọ́n." Nọ́ọ̀sì náà kúnlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, ó ń tiro, ó di apá ìyá rẹ̀ mú. "Mummy, ẹ dìde. Please. I didn't do anything."

Ìyá rẹ̀ wò ó, ó wo ère, ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. "Daddy, ẹ ní kó dúró, ó dúró. Ó ti tán." Wọ́n jáde.

Lọ́jọ́ kejì mo pe alàgbà. Ó ní òyìnbó kan ló tan òun jẹ. Mo ní, "Pọ́líìṣì bàtà yẹn ńkọ́, sà, ta ló kùn ún?" "Mo kàn fẹ́ kó dán ni," ni alàgbà wí, ó sì pa fóònù.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ọwọ́ òun ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kan wà, mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ ti ilẹ̀kùn ọ̀hún wò. Ìgbìmọ̀ ìjọ ní wọn yóò gbé ère náà sí yàrá ẹrù títí wọn yóò fi ṣèpàdé lórí rẹ̀, alàgbà ò sì kúrò ní alága. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo pe ilé ẹ̀kọ́ ijó. Obìnrin tó ń ṣètò ìdánwò wọn ní òun ò gbọ́ orúkọ alàgbà rí. Ó ní wọ́n ń fi nọ́ńbà sí àyà gbogbo ẹni tó bá wá jó ni, àwọn tó ń wò wọ́n kì í mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Kò nílò ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ kó tó jó. Kó wá lọ́jọ́ Sátidé, kó mú bàtà ijó rẹ̀ dání." Mo pe ìyá ọmọ náà, mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ.