Ẹni Tó Bọ́ Àwọn Eku Wa Lákàrà

Láti bí ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń yin láfún kiri. Láàárọ̀ yìí, ní Bódìjà, ni Bọ̀dá Láyí pa mí lẹ́nu mọ́.

Àwọn ló ń tọ́jú eku ìwádìí fún wa ní lábù yunifásítì nígbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àgò méjì ni. A ní kí wọ́n fún àgò kan ní láfún àti ẹ̀wà, kí wọ́n fún èkejì ní láfún nìkan, ká lè mọ èyí tó máa rù.

Àwọn tó ń jẹ láfún nìkan ló sanra jù. Ẹnu yà wá. Òun ni mo fi gba dìgírì.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ rántí àwọn eku tó ń jẹ láfún nìkan yẹn?"

"Àwọn tí ẹ ń fi ebi pa? Àánú wọn ṣe mí. Mo máa ń bu nínú àkàrà mi fún wọn láràárọ̀."

"Ẹ ò ṣe kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Ohun tí wọ́n bá jẹ nínú àgò lẹ ní kí n kọ. Àtẹ́lẹwọ́ mi ni wọ́n ti ń jẹ àkàrà."

Ẹ̀wà náà kúkú ni àkàrà, epo tún wà lára ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi dá a: ta ló ni dìgírì yìí, èmi ni àbí Bọ̀dá alákàrà?