Eyín Ẹ̀yìn

Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ fi ń bá ìyàwó rẹ̀ jókòó lójúmọ́. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń gé kọ́kọ́rọ́ máa ń dá a sílẹ̀, aago márùn-ún géérégé sì ni ilé ìwòsàn máa ń lé àlejò jáde. Alùpùpù kékeré kan ló ń gùn, irú èyí tí orúnkún àgbàlagbà fi ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n bí ó bá jókòó lé e. Nǹkan ọ̀hún kò mọ ohun tó ń jẹ́ kánjúkánjú. Bí ó bá sáré dé òpin agbára rẹ̀, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ á máa kí i kú ìrìn bí wọ́n bá ń kọjá lára rẹ̀.

Oṣù kẹrin rèé tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti padà sípò, kódà ó tún mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ló kù. Dókítà ní kí ó máa fi ọwọ́ náà di nǹkan mú, kí ọkọ rẹ̀ sì máa sọ fún un bí ìdìmú rẹ̀ bá ń le sí i. Nítorí náà, ọkọ kò tíì ní jókòó dáadáa tí ìyàwó á ti na ọwọ́.

"Bàbá wọn, ṣé ó le ju ti àná lọ?"

"Ó le dáadáa."

Irọ́ ni. Kò mọ nǹkan kan lára rárá, àfi bí ẹni di ọwọ́ aṣọ tó ṣófo mú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé obìnrin náà wọ wọ́ọ̀dù ni kò ti sí ohun tó ń wọ ọkọ lára mọ́. Kò sunkún, kò bínú, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, kò sì korò. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti jọ wà, ó sì ti gbà nínú ara rẹ̀ pé ìfẹ́ ti tán lọ́kàn òun. Ojú ń tì í. Ó ń gbé irọ́ náà lọ, ó ń gbé e bọ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i ni ó ń wá. Ó rò pé bóyá bí òun bá pẹ́ díẹ̀ lórí àga yẹn, nǹkan kan á mì nínú òun. Owó ẹ́ńjìnnì tuntun kò sí, ó yáa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kì í gba owó. Ó gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ó fi ọwọ́ yí i, ó rí i pé búrẹ́kì ń ha á lára, ó tú u díẹ̀. Ó fẹ́ táyà méjèèjì títí wọ́n fi le. Ó fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì, ó sì yọ àpótí irinṣẹ́ tó ti ń gbé kiri láti ọdún tó kọjá láìlò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́rin jáde nínú gbogbo làálàá yìí. Ó fi ìṣẹ́jú méje jókòó ti ìyàwó rẹ̀, síbẹ̀ kò mọ nǹkan kan lára.

Ni ó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì tó ti ń bá a tún alùpùpù náà ṣe kó tó kó lọ sí ìlú mìíràn. Èsì dé: "Baba, e din eyin eyin ku. Kia ni yoo maa sare."

Àwọn ọmọ ayé òde òní kò ráyè àmì ohùn. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kà á bí ẹyin adìyẹ, ó kà á bí ẹ̀yin, kò bá a mu. Nígbà tó yá, ó rí i: eyín ẹ̀yìn! Eyín irin róbótó tí ṣéènì ń yí lára táyà ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ ì bá dùn bí inú rẹ̀ bá ṣì ń dùn. Kí ni ènìyàn yóò sọ fún un nípa eyín, òun tí ó ti ń gé eyín kọ́kọ́rọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀? Ó tú irin náà, ó dè é mọ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi fáìlì ha ọgọ́ta eyín, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn fi kúrú dọ́gbadọ́gba. Iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní.

Lọ́jọ́ kejì, ó dé àárín ọ̀nà, ṣéènì bá ń yọ̀ lórí eyín. Ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà dúró. Ó ti alùpùpù náà dé ilé ìwòsàn, ìlẹ̀kùn sì ti tì.

"Bàbá, ti òní ti tán o," ni olùṣọ́ wí.

Ó dúpẹ́, ó padà. Kò dùn ún. Ẹ̀rù wá bà á pé kò dun òun.

Mẹkáníìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín lórí fóònù. "Bàbá, ṣé kọ́kọ́rọ́ ni? Iye eyín ni mo ní kí ẹ dín kù, n kò ní kí ẹ ha á! Ẹ wá irin tí eyín rẹ̀ kò pọ̀ tó yẹn. Táyà á wá máa yí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá dé orí òkè, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ràn án lọ́wọ́ o."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ di fóònù mú títí ẹ̀rín fi tán.

Ó rí irin eléyín méjìdínláàádọ́ta lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta irin àlòkù. Ọkùnrin náà ti sọ kọ́kọ́rọ́ àgádágodo rẹ̀ nù, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gé òmíràn fún un, wọ́n sì fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ó gé ṣéènì kúrú, ó dè é.

Lọ́jọ́ kejì, òun ló ń kí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kú ìrìn. Hándù tó fi ń darí alùpùpù náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an bí ìṣe rẹ̀, apá rẹ̀ kú dé ìgúnpá. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ni ó jókòó.

"Ṣé ó le ju ti àná lọ?"

"Ó le dáadáa."

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ tán. Ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ rí láàárín oṣù mẹ́rin. Ọwọ́ ṣì wà nínú ọwọ́. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó dà bíi pé èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ìka rẹ̀. Pajápajá mú un, ó gún un débi pé ó pa ojú dé.

"Kí ló ń ṣe yín lọ́wọ́?"

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e ni. Hándù ló ń pa ọwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń lé e jáde kí ọwọ́ náà tó jí. Wàyí o, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àtàǹpàkò kò ṣe nǹkan kan. Ìka méjì ló ń gbìyànjú, wọn kò sì lágbára rárá. Ó dùn ún wọ egungun. Omijé dà lójú rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ti àná yẹn," ó ní, "n kò mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni mo ti ń pa fún ẹ látọjọ́ yìí. Ti òní nìkan ni mo mọ̀."

Obìnrin náà béèrè pé:

"Ti òní ńkọ́?"

"Kò le."

"Ó dáa. Ẹ fi sọ́kàn," ó ní. "Ẹ ó fi wé ti ọ̀la."

Agogo ilé ìwòsàn lù. Olùṣọ́ ń bọ̀ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Ìka méjèèjì kò tíì tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n lára.