Ilé Tí Bọ̀ọ̀dá Múrí Bẹnu Àtẹ́ Lù

Ní òwúrọ̀ Sátidé tó kọjá, aládùúgbò mi ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò níwájú ilé rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tí mo ń gbọ́ irin ṣọ́bìrì yẹn lórí kọ́ńkéré, ṣàà, ṣàà, ni mo bá bú sẹ́rìn-ín lémi nìkan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù wo ilé, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ iléèwé, fúláàtì tí bàbá mi háyà ní Des Plaines, nítòsí pápákọ̀ òfurufú nílẹ̀ òyìnbó níbí, la ń gbé, níbi tí bàálù ti ń fò kọjá lórí òrùlé bíi pé tábìlì ìjẹun wa ló fẹ́ bà sí. Gbogbo ará ilé wa ló mọ bí wọ́n ṣe ń dá ọ̀rọ̀ dúró lágbede méjì, kí bàálù kọjá, kí wọ́n tó máa bá a lọ. Eré ni lójú àwa ọmọdé, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré fún ìyá mi. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ọsibítù, ọ̀sán ló yẹ kó sùn, bàálù kò sì jẹ́. Mo máa ń bá a tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, tó fọwọ́ lẹ́rán, tí ojú rẹ̀ pọ́n. Ohun tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kò ju ilé tó dákẹ́ lọ.

Ọjọ́ Sátidé ni àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi máa ń wá. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, wọ́n á tẹjú mọ́ ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń wo aláìsàn, wọ́n á wá máa dá ẹjọ́ ayé: mọ́tò tó ń mu epo jù, àdúgbò tí ilé ti wọ́n, àdúgbò tí ọjà rẹ̀ ti ń tutù. Bọ̀ọ̀dá Múrí ni agbẹnusọ wọn. Òun àti bàbá mi jọ dàgbà ní Ìwó ni, kò sì sí ohun tí kò ní èrò lórí rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ra mọ́tò tuntun, kọ́ńpìnnì ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó ní ilé kì í sá lọ, ká jẹ́ kí market rọ̀ wálẹ̀ ná. Nígbà tí iléèwé wa fẹ́ kó wa lọ ṣe síkì ní Wisconsin, níbi tí èèyàn ti máa ń de igi pẹlẹbẹ méjì mọ́ ẹsẹ̀, tí á sì yọ̀ láti orí òkè wálẹ̀, bàbá mi gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìgbìmọ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ẹni tó bá sanwó kó lè ṣubú lórí òkè," Bọ̀ọ̀dá Múrí wí, "orí ẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣubú." Bí síkì mi ṣe kú nìyẹn.

Ìyá mi wá rí ilé kan ní Park Forest, tí ìyá àgbà òyìnbó kan fẹ́ tà fúnra rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, àwọn Yorùbá ìlú yìí kì í lọ wo ilé láìkó àgbà sẹ́yìn, àfi bí ẹni ń lọ tọrọ ìyàwó. Mọ́tò mẹ́ta la kún. Nígbà tí ìyá àgbà náà ṣílẹ̀kùn tó rí wa pẹ̀lú agbádá lábẹ́ kóòtù, ó yọjú wo ẹ̀yìn wa bóyá àwọn kan ṣì ń bọ̀.

Ìyá mi dúró láàárín pálọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè pé ká dákẹ́. A dákẹ́. A kò gbọ́ nǹkan kan. Omi lé ròrò sí i lójú, mo sì mọ̀ pé ó ti rí ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kì í yin ọjà lójú ọlọ́jà, Bọ̀ọ̀dá Múrí kò sì gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. Ó kan ògiri, ó mi orí. Ó wo àjà, ó pòṣé.

"Mama, this roof has tried o," ló wí. "And this kitchen, ah. Sorry."

Ká ní ọjà Ìwó la wà ni, ọlọ́jà ì bá ti mọ̀ pé oníbàárà gidi ló dé. Ìyá àgbà yìí kò mọ̀. Ojú rẹ̀ le koko. Ó ní bí ilé òun kò bá wù wá, kò burú, àwọn mìíràn ń bọ̀ wá wò ó lọ́la. Ìyá mi wo bàbá mi, bàbá mi wo bàtà rẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé nìkan ló kù tí Bọ̀ọ̀dá Múrí kò tíì bú. Ó jáde gba ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ́ lábẹ́ yìnyín lọ sí ìdí igi kan nísàlẹ̀. "This ground is not even..." ló wí, bàtà rẹ̀ sì yọ̀. Ó fìdí jókòó, agbádá fẹ̀ yí i ká, ó sì yọ̀ lọ títí dé ìdí igi. Gbogbo wa sáré dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rín rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́. Ó rápálá gòkè padà, yìnyín kún irùngbọ̀n rẹ̀.

"Mi ò ṣe é dáadáa," ló wí. Ó nawọ́ sí mi. "Ìwọ tó ò ń yọ wá lẹ́nu nítorí ski, oya, come and sit down."

A jọ yọ̀ lọ. Inú mi dùn débi pé n kò rántí Wisconsin mọ́. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ìyá àgbà náà dúró sójú fèrèsé, ó fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Ó sọ fún ìyá mi pé ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ òun ti máa ń yọ̀, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ṣe bẹ́ẹ̀. Kò jẹ́ kí àwọn ti ọ̀la wá mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a kó wọlé, ìyá mi sùn, ó hanrun.

Bọ̀ọ̀dá Múrí ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò òde òní, ike dúdú lẹ máa rí, ẹ ó sì pa á dé. Ọmọ mi obìnrin, tí wọ́n bí síbí, ti wo ilé kan ní Tinley Park tán lórí fóònù kó tó pè mí. Lọ́sàn-án Sátidé yẹn náà ló mú mi lọ síbẹ̀, ó ní kí n má kó ẹnikẹ́ni dání. Ó tún bẹ̀ mí lẹ́nu ọ̀nà: "Mummy, please, ẹ má sọ nǹkan kan."

Mo wọlé. Oòrùn wọ pálọ̀, ilé náà sì dákẹ́ rọ́rọ́. Mo kan ògiri. Mo wo àjà, mo pòṣé. Mo ní òrùlé yẹn ti gbó, kíṣìnnì náà kò tiẹ̀ gba ìkòkò méjì. N kò fìgbà kan jókòó kọ́ ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀ ọjà. Ó wò mí lójú, ó di ọwọ́ mi mú, ẹ̀rín gba gbogbo ẹnu rẹ̀.

"So ẹ like ẹ̀ gan-an nìyẹn."