Tìmùtìmù Tí Wọ́n Ní Ó Ti Lọ sí Ìrẹsà

Bí ẹ bá dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ẹ béèrè ṣọ́ọ̀bù Mùjídàt, wọ́n lè máa wò yín lójú. Ẹ béèrè Ìyá Àtijọ́, ọmọdé lásán á mú yín débẹ̀. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń jù sẹ́yìn ilé kí òjò máa pa ni ó ń tà: abọ́ tánńganran, rédíò onípákó, àtùpà elépo, ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò lè ránṣọ mọ́, igbá fínfín, aṣọ òfì tí eku ti jẹ létí. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn aládùúgbò ní nǹkan ti ń ṣe é, pé obìnrin tó kàwé dé kọ́lẹ́ẹ̀jì wá ń ṣa pàǹtí kiri ìgboro. Àwọn yẹn náà ni wọ́n ń wá yá àga lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò ọjọ́ ìbí. Kò sì bá wọn rántí ọ̀rọ̀ àná.

Ọwọ́ rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ló fi ṣe tábìlì ìjẹun ilé ara rẹ̀. Ó lu igbá fínfín ní ihò wẹ́wẹ́, ó ki gílóòbù sínú rẹ̀, bí ó bá ti tan iná, gbogbo ògiri pálọ̀ á kún fún ìmọ́lẹ̀ tótòtó. Ó to ìdérí abọ́ tánńganran mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà, olódòdó, aláwọ̀ ojú ọ̀run, débi pé àlejò á kọ́kọ́ dúró wò wọ́n kó tó rántí kí onílé. Àwọn tó ń kọ́lé tuntun ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ a máa pè é pé kó wá bá àwọn to ilé. Kì í kánjú gbé ẹrù wọlé. Á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá òfìfo, á béèrè ibi tí oòrùn ń gbà wọlé, ibi tí baálé ti ń kírun, ibi tí ìyàwó fẹ́ràn láti jókòó sí bí ó bá ń ṣa ìrẹsì.

“Ilé tí ẹ ò bá lè na ẹsẹ̀ yín nínú ẹ̀, ọ́fíìsì ni,” bó ṣe máa ń wí fún wọn nìyẹn.

Ó ní òfin kan tí kì í rú. Kì í ra ẹrù tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀. Ta ló ni ín? Kí ló fi ń ṣe? Báwo ló ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ẹni tó gbé e wá bá ń kálòlò, Mùjídàt á ní kó máa gbé e lọ. Ìtàn ni ó ń tà pẹ̀lú ẹrù, kò sì fẹ́ ta irọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó wù ú jù láyé kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Tìmùtìmù ìyá rẹ̀ ni. Oníṣẹ́ awọ ni baba wọn, ọdún tó gbé ìyá wọn níyàwó ló rán an, awọ ewúrẹ́ pupa àti dúdú tó rán mọ́ra wọn yíká bí ẹ̀là ọsàn. Awọ pupa tán lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rán an parí, ló bá fi awọ aláwọ̀ ewé dí ẹ̀là tó kẹ́yìn. Ó ní kò burú, ìyàwó òun á lè máa fi dá tirẹ̀ mọ̀. Orí tìmùtìmù yẹn ni ìyá ti ń jókòó dirun fún Mùjídàt, tí ọmọ yóò gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí òórùn awọ àti òrí yóò máa gbé e sùn. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyá ń fi òrí pa á kí awọ rẹ̀ má baà sán.

Nígbà tí àìsàn dé, Waliyat, ẹ̀gbọ́n Mùjídàt tó ń ta aṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní kí ìyá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun torí ilé òun sún mọ́ ọsibítù. Ìyá gbé tìmùtìmù dání lọ. Ibẹ̀ náà ló kú sí. Lẹ́yìn àdúrà fìdáù, tí àlejò ti ń tú ká, Mùjídàt lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní yàrá.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, tìmùtìmù màmá nìkan ni mo fẹ́. Ẹ̀yin ẹ mú gbogbo ìyókù.”

Waliyat ń ká aṣọ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. “Mo ti fi ṣe sàárà. Òun àti aṣọ wọn ni mo kó fún àwọn ìyá arúgbó kan ní Ìrẹsà nítòsí ibí. Màmá ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lọ.”

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn mùsùlùmí ìlú yìí, èèyàn kì í tọ sàárà òkú lẹ́yìn. Ẹ ò ní béèrè pé ta ló gbà á, ẹ ò ní ní ẹ fẹ́ rà á padà, kí ẹ má baà ba ẹ̀san rẹ̀ jẹ́ mọ́ òkú lọ́wọ́. Mùjídàt tó máa ń bi gbogbo ayé ní ìtàn ẹrù wọn, kò bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹyọ ìbéèrè kan. Ó ní, “Kí Ọlọ́run gbà á,” ó wọ balùwẹ̀ lọ, ó sì sunkún níbẹ̀.

Nígbà tó yá, ó fi ọ̀rọ̀ náà tu ara rẹ̀ nínú. Ó ya ìyá arúgbó kan sọ́kàn, obìnrin ará Ìrẹsà tó sanra, tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá, tó ń jókòó lórí tìmùtìmù níwájú ilé rẹ̀ bí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Ó tilẹ̀ fẹ́ràn obìnrin náà. Bí ó bá kírun Jímọ̀ tán, á fi kún un pé, “Ọlọ́run, gba sàárà màmá mi.” Nínú pálọ̀ rẹ̀ tí kò sí àyè kan tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, ó fi igun kan sílẹ̀ lófìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí àlejò bá béèrè pé kí ló dé tí kò gbé nǹkan síbẹ̀, á ní, “Ẹni tó ni ibẹ̀ wà ní Ìrẹsà.”

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nìyẹn, títí Kúbúrátù, ọmọ Waliyat, fi ṣe ìyàwó. Waliyat pe Mùjídàt lórí fóònù.

“Ilé ọmọ ẹ ti parí o. Wá bá a tò ó. Ta ni mo tún fẹ́ pè?”

Inú Mùjídàt dùn. Ó kó èyí tó dáa jù nínú ọjà rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì, ó ní ẹ̀bùn ni: igbá oníná méjì, díńgí onífúrémù pákó, òfì sányán tó ti tún rán fún ara ògiri. Láti àárọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ nílé ọmọ náà l'Ógbómọ̀ṣọ́, ó ń gun àpótí, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Waliyat wá, ó wò ó, ó yìn ín, ó sì ní òun ń lọ gbé oúnjẹ wá fún wọn. Bó ṣe jáde ni Kúbúrátù rẹ́rìn-ín, ó wọ yàrá, ó sì gbé àpò kan jáde.

“Màmá Ọ̀yọ́, ẹ má sọ fún mọ́mì o. Wọ́n ní kí n má gbé èyí jáde àfi tí ẹ bá ti lọ. Ó jọ pé wọ́n fẹ́ fi ṣe yín ní sọ̀púráìsì. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí ẹ̀yin fúnra yín bá mi wá ibi tó máa dáa sí.”

Ó tú àpò náà. Awọ pupa, awọ dúdú, ẹ̀là kan aláwọ̀ ewé.

Mùjídàt jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó nínú ilé oníbàárà, ó fi ọwọ́ kan tìmùtìmù náà. Ó ti gbẹ. Kò sẹ́ni tó fi òrí pa á láti ìgbà tí ìyá ti kú, awọ rẹ̀ ti ń sán létí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn kì í ṣe tìmùtìmù náà rárá. Gbogbo Jímọ̀ tó ti kọjá ló rántí. Gbogbo ìgbà tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó gba sàárà, inú àpò ni sàárà náà wà, nínú yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ṣé kò dáa ni, mà?” Kúbúrátù béèrè. Kò mọ nǹkan kan, ọmọ náà.

“Ó dáa,” Mùjídàt wí. “Bàbá àgbà yín ló rán an.”

Nígbà tí Waliyat wọlé pẹ̀lú kúlà ìrẹsì lọ́wọ́, ó rí ohun tó wà láàrin pálọ̀, ó sì gbé kúlà náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó ní kí Kúbúrátù lọ ra omi wá. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ó ti lọ sí Ìrẹsà.”

“Aṣọ màmá lọ. Aṣọ ni mo pín.”

“Èyí ńkọ́?”

“Ó dáa jù fún ará oko. Kúbúrátù náà sì ń dàgbà. Bí mo bá ní mo fi sílẹ̀, ìwọ lo máa gbà á, o máa lọ fi owó lé e lórí nínú ṣọ́ọ̀bù. Àbí kì í ṣe ẹrù òkú lò ń tà?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Mùjídàt lára ju irọ́ náà lọ. Ẹni tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà kò mọ̀ ọ́n rárá. Ó ní, “Ṣé màmá tiẹ̀ sọ ọ́? Pé kí ẹ gbé e lọ sí Ìrẹsà?”

Waliyat ní, “Wọ́n sọ ọ́. Mo ní màá ṣe é tó bá yá.” Lẹ́yìn náà ló tún ní, “Gbé e lọ, ṣebí ohun tí ò ń wá nìyẹn.”

Mùjídàt gbé e. Kò pariwo, kò yọ ẹyọ nǹkan kan kúrò lára ògiri tó ti tò fún ọmọ náà. Ó so igbá oníná tó kù kọ́ òrùlé, ó sì jáde.

Ní gáréèjì, ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ń pe èrò, ó ku ẹnì kan kó kún. Mùjídàt dúró tì í. Igun òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀ rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa bá a wí. Òun náà jẹ́ ọmọ, òun náà ní ìpín. Ó gbé tìmùtìmù náà mọ́ àyà, ó gbọ́ òórùn awọ, ó kù díẹ̀ kó wọlé. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó lé e, òun náà á di ẹni tí ìyá rán níṣẹ́ tí kò jẹ́ ẹ. Ó pe ọlọ́kadà.

“Ìrẹsà.”

Ìyá arúgbó tó kọ́kọ́ rí níbẹ̀ kò jọ èyí tó yà sọ́kàn. Ó rù, ó fajú ro, ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù tó ti fọ́, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mùjídàt kúnlẹ̀ kí i, ó sì gbé tìmùtìmù síwájú rẹ̀. Obìnrin náà wò ó bí ẹni ń wo oníjìbìtì.

“Ta ló rán ọ sí mi?”

“Màmá mi ni, mà. Wọ́n ní kí ẹ máa jókòó lé e.”

“Ṣé wọ́n mọ̀ mí ni?”

“Wọn ò mọ̀ yín, mà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rán an sí yín. Ẹni tí wọ́n fi rán ni kò jẹ́ iṣẹ́ náà.”

Ìyá arúgbó náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó dìde lórí búlọ́ọ̀kù, ó sì rọra jókòó lé tìmùtìmù. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó béèrè orúkọ ìyá, Mùjídàt ní Áwáwù ni. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

“Kí Ọlọ́run tẹ́ Áwáwù sí afẹ́fẹ́ rere. Kí Ọlọ́run forí ji ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fi rán, kó má ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i lọ́rùn.”

Mùjídàt ti ṣe àmín ti ìyá rẹ̀ sókè ketekete. Ó la ẹnu láti ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò jáde.