Wákàtí Márùn-ún Láti Jẹ́dà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Muṣin, kò sẹ́ni tó gbọ́n tó Bọ̀dá Múfú, àbúrò bàbá mi, lójú ara rẹ̀. Télọ̀ ni, kò wọ bàálù rí láyé rẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà, màmá bàbá mi, ń bọ̀ láti Mẹ́kà, òun ló di awakọ̀ òfurufú. "Jẹ́dà sí Èkó, wákàtí márùn-ún péré! Wọ́n á gbéra láàárọ̀, a jọ máa jẹun ọ̀sán ni." Ló bá ní kí wọ́n gbé ìrẹsì kaná. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ irú wọn. Kò sílé tí kò ní tirẹ̀.

Èmi nìkan ni inú mi ò dùn. Àgbò kan wà lẹ́yìnkùlé tí wọ́n fẹ́ fi kí Ìyá Àgbà káàbọ̀. Èmi ni mò ń kó èèpo iṣu fún un, ó sì ti mọ ohùn mi. Wọ́n ti ní bí Ìyá Àgbà bá ti wọlé báyìí, ọ̀bẹ ti dé nìyẹn. Mo bá lọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀, mo ní kí Ọlọ́run jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí ọ̀nà Jẹ́dà jìn díẹ̀ sí i.

Háà, Ọlọ́run mà gbọ́ o! Bàálù ò dé lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, kò dé. Ìrẹsì la jẹ láàárọ̀, ìrẹsì la jẹ lọ́sàn-án. Bọ̀dá Múfú ní atẹ́gùn ló ń tì í sẹ́yìn. Fún odidi ọjọ́ méjì!

Àfi ìgbà tí aládùúgbò wa kan tó ti Mẹ́kà dé ṣáájú sọ pé bàálù Ìyá Àgbà ò tíì gbéra rárá, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń sùn ní Jẹ́dà, àwọn arúgbó sì ti ń dákú. Mo sáré padà sẹ́yìn balùwẹ̀: "Ọlọ́run, mo ti jáwọ́ o. Kí wọ́n pa àgbò náà."

Ọjọ́ kẹta ni Ìyá Àgbà wọlé, ẹsẹ̀ wọn wú, ohùn wọn ti há. Mo bú sẹ́kún, mo sì jẹ́wọ́. Ẹgba ni mò ń retí.

Ìyá Àgbà ní: "Èmi tí mo lọ dé Kaaba, mo gbàdúrà títí, tẹni tó wà lẹ́yìn balùwẹ̀ ni wọ́n gbọ́!"

Wọ́n pa àgbò náà ṣá o. Àdúrà tó dá bàálù dúró ò rí ọ̀bẹ dá dúró. Mo búra pé mi ò ní fẹnu kàn án. Ẹ má bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí òórùn ọbẹ̀ gbà mí nímú.

Wákàtí márùn-ún náà ni Jẹ́dà sí Èkó ṣì jẹ́ títí dòní. Lọ́dún yìí, màmá tèmi lọ sí Mẹ́kà. Àwa ọ̀làjú, a ò gbàdúrà, a ò gbé ìrẹsì kaná. Ojú fóònù la ti ń wo bàálù, títí tó fi balẹ̀ láìfi ìṣẹ́jú kan pẹ́. A fi fóònù náà pe ọkọ̀ tó gbé Màmá wá sílé wa ní Surulere. Nígbà tí wọ́n wọlé, ọmọ mi ò gbójú sókè. "Ẹ káàbọ̀, Grandma. Mo ti rí i pé ẹ ti land."

Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, wọ́n wò wá yí ká.

"Ṣé kò sẹ́ni tó ń retí mi ni?"