Bí Mo Ṣe Túmọ̀ Àjẹsára fún Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Awoyaya, iṣẹ́ mẹ́ta ni ó jẹ́ tèmi: kí n gbá iyanrìn ojúlé wa, kí n ṣa ẹ̀wà, kí n sì máa sọ ọ̀rọ̀ tí ó ju ọjọ́ orí mi lọ. Kò sí ẹni tí ó rán mi ní ẹ̀kẹta. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, mo ṣe ipò kìn-ín-ní nínú iṣẹ́ Yorùbá, mo sì gbà pé èdè náà ti tán sí mi lórí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, olóṣèlú kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọnórébù wá sọ̀rọ̀ ní pápá ilé-ìwé wa. Àwọn nọ́ọ̀sì ti kéde nígbà náà pé wọn yóò fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi, àìsàn tí ń sú bo ara ọmọdé. Ọnórébù gba makirofóònù.

"Kí ni wọ́n pè é? Àjẹsára. Jíjẹ ni à ń jẹ ẹ́ sí ara. Ta ló ń fi abẹ́rẹ́ jẹun? Ẹ fún ọmọ yín ní ẹ̀wà àti ẹja, ó parí."

Mo pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta mí. Ó tú ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ gan-an bí olùkọ́ wa ti máa ń ṣe lójú pátákó.

Àbúrò mi, Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Màmá mi ń ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kkí Free Zone, ilẹ̀ kì í mọ́ bá wọn nílé, nítorí náà ìyá àgbà wa, Ìyá Ìjẹ̀bú, ni yóò gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Wọ́n ti pọ̀n ọ́n, wọ́n ti wọ bàtà, kí n tó dúró sí ẹnu ọ̀nà láti túmọ̀ àjẹsára fún wọn.

"Ọmọ yìí mọ̀wé o," ni wọ́n wí. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ní kí n lọ ṣa ẹ̀wà. Àbẹ̀kẹ́, tí eyín méjì péré wà lẹ́nu rẹ̀, lá omi ẹ̀wà. Èmi ni mo jẹ ìyókù.

Kò pé oṣù kan tí èéyi fi mú un. Ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ gbóná, kò sì gba oúnjẹ kankan. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bèèrè ẹni tí ó ní kí wọ́n má gba abẹ́rẹ́. Ìyá Ìjẹ̀bú nawọ́ sí mi: "Tíṣà wa nìyí."

Nọ́ọ̀sì wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Tíṣà, ìyà tí o máa jẹ nílé ńkọ́? Ṣé ẹnu lo máa fi jẹ ẹ́?"

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti jẹ ẹ́, ọwọ́ mi méjèèjì lókè. Ẹnu mi kò kópa níbẹ̀ rárá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà ni Àbẹ̀kẹ́ tó rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Láìpẹ́ yìí, wọ́n kéde abẹ́rẹ́ mìíràn, èyí tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, fún àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, Ọnórébù sì tún ti sọ̀rọ̀ sí i. Pápá kan ṣoṣo ni ó gbọ́ ọ nígbà náà; lónìí, fóònù ti gbé e dé Thomas Estate àti ibi tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ àròkọ gígùn láti já ọ̀rọ̀ rẹ̀ nírọ́, mo sì mú un dúró de Ìyá Ìjẹ̀bú ní ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí n kò mọ nǹkan kan, wọ́n jókòó gbọ́ mi. Ní báyìí tí mo ti ṣe ìwádìí, wọ́n di ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ mú, wọ́n ní, "Yàgò lọ́nà, tíṣà, abẹ́rẹ́ là ń lọ gbà," wọ́n sì ti dé títì kí n tó ka ìpínrọ̀ kìíní tán.